Ara wo ni wọ́n ní kí a sẹ́? Àlàyé lórí “èmi” tí àwọn onímọ̀ ọkàn ń wí, àti bí ó ṣe kan iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ ìjọ

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, nínú yàrá tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti máa ń kọ́ àwọn tí ń bẹ aláìsàn àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wò, mo ń túmọ̀ ìwé kékeré kan tí wọ́n fi Faransé kọ fún ẹgbẹ́ wa. Mo ti dé ibi tí ìwé náà ti ń sọ̀rọ̀ moi àti soi, ìyẹn “èmi” àti “ara ẹni”, mo sì ń wí pé ẹni tí ìbànújẹ́ bá dá wó ní láti kọ́kọ́ rí ara rẹ̀ gbà padà kí ìmọ̀ràn tó lè wọ̀ ọ́ létí, ni ìyá àgbà kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bá nawọ́. Ìyá yìí ti ń ta aṣọ ní ọjà Ouando kí wọ́n tó bí mi, wọn kì í sì í bèèrè ọ̀rọ̀ tí kò nídìí. Wọ́n ní, “Alàgbà, ẹ má bínú o. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni wọ́n ti ń wàásù fún mi pé kí n sẹ́ ara mi. Ẹ̀yin wá ní kí n lọ bá aláìsàn wá ara rẹ̀ rí. Ara wo ni ká sẹ́, ara wo ni ká wá?” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èsì tí mo fún wọn lọ́jọ́ náà kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Apá kan nínú ìrújú náà wá láti ara àwọn ọ̀rọ̀ fúnra wọn. Sigmund Freud, dókítà ará Vienna tí wọ́n bí ní ọdún 1856, tí ó sì kú ní ọdún 1939, ni ó dá ìmọ̀ tí à ń pè ní psychanalyse sílẹ̀, èyí tí mo máa pè ní ìtúpalẹ̀ ọkàn níhìn-ín. Nínú ìwé kan tí ó gbé jáde ní ọdún 1923, ó pín inú ènìyàn sí mẹ́ta, àwọn ọ̀rọ̀ Jámánì tí ó sì lò jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ: Ich, tí í ṣe “èmi”; Es, tí í ṣe “ìyẹn”, ohun tí ń bẹ nínú ẹni tí kì í ṣe ẹni; àti Über-Ich, “èmi tí ó wà lókè èmi”. Àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ gbé èdè Látìn wọ̀ ọ́, láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ti dà bí orúkọ oògùn. Àwọn Faransé ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n pè é ní moi, ça àti surmoi, nítorí náà àwa tí a kàwé ní Bẹ̀nẹ̀ ní àǹfààní díẹ̀. Soi ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn Freud fẹ́ràn: kì í ṣe apá kan nínú ènìyàn ni wọ́n fi ń pè, bí kò ṣe odindi ènìyàn bí ó ṣe ń rí ara rẹ̀ láti inú, ẹni kan ṣoṣo tí ó jí lónìí, tí ó sì mọ̀ pé òun náà ni òun sùn lánàá.

Ní Yorùbá, “èmi” yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ náà láìsí wàhálà, bí kì í bá ṣe ti àmì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ ìwé fún ẹgbẹ́ wa, ẹ̀rọ tí mo lò kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì ìsàlẹ̀. Mo tẹ “emi”, wọ́n kà á sí ẹ̀mí. Ìdajì wákàtí ni a fi jiyàn lórí ẹ̀mí mímọ́ àti ẹ̀mí àìmọ́ kí ó tó hàn sí mi pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà tí ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí mo kọ.

Ṣùgbọ́n ìrújú kejì jinlẹ̀ ju ti àmì lọ. Àwa ti ní orúkọ fún ohun tí ń bẹ nínú ènìyàn kí Freud tó dáyé. A ní ẹ̀mí, èémí tí Ẹlẹ́dàá mí sínú ẹni. A ní ọkàn, níbi tí ìrònú àti ìfẹ́ ń gbé. A sì ní orí, tí àwọn bàbá wa sọ pé ènìyàn kúnlẹ̀ yàn lọ́run kí ó tó wá sáyé. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé àwọn òyìnbó kan ń sọ̀rọ̀ nípa “èmi” ti inú yóò rò pé ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń wí, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí wọ́n ń wí kò sí lọ́run rí, a kò yàn án, a kò sì bí i mọ́ ọmọ. Ayé ni a ti ń mọ ọ́n, bí àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ṣe ń mọ ògiri amọ̀ nígbà àtijọ́: a óò mọ ìpele kan, a óò jẹ́ kí ó gbẹ, a óò tún gbé òmíràn lé e, bí a bá sì kánjú tí ìpele ìsàlẹ̀ ṣì tutù, ilé lè ga, ṣùgbọ́n kò ní lè ru òrùlé. Ohun tí àwọn onímọ̀ yìí ń bèèrè nípa ẹnikẹ́ni kì í ṣe irú orí tí ó yàn, bí kò ṣe ta ni ó bá a mọ ògiri yìí, àti pé ṣé ó gbẹ.

Ní ti Freud fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n wúlò jù fún ẹni tí ń bẹ ọmọ ìjọ wò. Ó sọ pé èmi jẹ́ ìránṣẹ́ tí ó ní ọ̀gá mẹ́ta: ìyẹn tí ń fẹ́ ohun tí ó ń fẹ́ nísinsìnyí, ayé tí kò gbà fún un, àti èmi-òkè tí ń dá a lẹ́jọ́. Èmi-òkè yìí ni ohùn bàbá, ìyá, tíṣà àti oníwàásù tí ó ti wọlé jókòó sínú ẹni láti kékeré, tí ó sì ń bá ẹni wí nígbà tí àwọn tí ó ni ín ti kú pàápàá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ ìjọ pẹ́ ti pàdé ẹni tí tirẹ̀ ti di ìkà sí i: ẹni tí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí wọ́n gbàdúrà ìdáríjì fún un, tí ó tún padà wá jẹ́wọ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Àwọn kan nínú wa yóò ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó, wọn yóò sì gbé ààwẹ̀ mìíràn lé e lórí. Ìyẹn ni kí a tún máa fún ẹni tí ń na ẹrú ní pàṣán. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ni kí ó rí ojú ènìyàn kan tí ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ náà tán, tí kò sì yí padà, léraléra, títí ohùn inú yẹn yóò fi dẹwọ́ díẹ̀.

Freud kò fẹ́ràn ẹ̀sìn, kò sì fi pamọ́. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ àlùfáà máa sá fún gbogbo ohun tí ó kọ. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó tọ́jọ́ jù ni Oskar Pfister, olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ní Zürich, ní ilẹ̀ Swítsáláńdì. Láti ọdún 1909 títí dé ọdún tí Freud kú ni àwọn méjèèjì fi ń kọ lẹ́tà sí ara wọn. Ní ọdún 1909 náà ni Freud kọ̀wé sí i pé ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀sìn, kì í sì í ṣe òdì sí ẹ̀sìn, pé irinṣẹ́ ni, àti pé àlùfáà lè fi í ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kì í ṣe àlùfáà ṣe lè fi í ṣiṣẹ́. Nígbà tí Freud gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1927 láti fi hàn pé ẹ̀sìn jẹ́ àlá tí ọmọ aráyé ń lá nítorí ohun tí ó ń fẹ́, Pfister kò bá a jà, kò sì dákẹ́. Ó kọ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1928, ọ̀rẹ́ wọn sì ń bá a lọ. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tí ẹ̀rù ń bà. A lè gba ọkọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ láìgba ẹ̀sìn rẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Donald Winnicott, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà àwọn ọmọdé, tí wọ́n bí ní ọdún 1896, tí ó kú ní ọdún 1971. Inú ilé ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rọrùn ju ti àwọn yòókù lọ nítorí pé ìyá àti ọmọ ni ó ń wò lójoojúmọ́. Ó sọ pé nígbà tí ọmọ ọwọ́ bá wo ojú ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ ni ó ń rí níbẹ̀: bí ojú ìyá bá tàn, ọmọ mọ̀ pé òun jẹ́ ohun tí ń mú ojú tàn, bí ojú náà bá gbẹ tàbí tí ó ń wo ibòmíràn, ọmọ á pa tirẹ̀ tì, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ojú ìyá. Èyí bá ọ̀rọ̀ tí ó kọ ní ọdún 1960 mu, nípa èmi òtítọ́ àti èmi èké. Èmi èké kì í ṣe irọ́ pípa, kì í sì í ṣe àgàbàgebè. Ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ fi síta láti máa ṣe ohun tí àwọn àgbà ń fẹ́, kí èmi òtítọ́ lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wa ni a ní díẹ̀ nínú rẹ̀, a kò sì lè bá ènìyàn gbé láìsí i. Ọmọ tí ó bá dọ̀bálẹ̀ kí àgbà tí kò fẹ́ràn kò ṣẹ̀. Ìṣòro ń bẹ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Mo rí i ní Kétu, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sì ṣe é láṣìṣe. Àwa mẹ́ta ni a lọ kí opó kan tí ọkọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan tí ó kú. Ó ti gbá àgbàlá, ó ti to àga, ó gbé omi wá fún wa nínú ife tí ó mọ́ tónítóní. Kí n tó ṣí Bíbélì ni òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé Olúwa ló fi fún ni, Olúwa náà ló gbà á lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè àwọn ọmọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tilẹ̀ tù wá nínú nítorí ọ̀nà tó jìn. A gbàdúrà, a dìde, a sì ń yìn ín lọ́nà pé ìgbàgbọ́ ìyàwó yìí lágbára. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ títì ni mo rántí pé mo gbàgbé ìwé orin mi. Mo padà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé bàtà ọkọ rẹ̀ méjèèjì lé itan, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu eruku kúrò lára wọn, ìkan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni pé ọkùnrin náà máa jáde láìpẹ́. Kò sunkún. Nígbà tí ó rí mi, ó dìde kíá, mo sì rí i bí ẹ̀rín yẹn ṣe padà sójú rẹ̀. Mo gba ìwé orin mi, mo ní ó dàárọ̀, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Kétu, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àjọ UNESCO ti kà mọ́ ogún ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ayé láti ọdún 2001, n kò sì mọ àpẹẹrẹ tí ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Winnicott ju òun lọ. Ọkùnrin ni ó ń gbé ère náà lórí, ojú obìnrin ni wọ́n gbẹ́ sí i lára, aṣọ ni ó sì bo ojú ẹni tí ó gbé e. Ó mọ̀ pé òun gbé e. Àwa tí à ń wòran mọ̀ pé ó gbé e. Nígbà tí ìlù bá dákẹ́, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó mu omi, ó padà di ẹni tí ó jẹ́. Èmi èké ni ère tí a gbé lé ọmọ lórí nígbà tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó ní kí ó sọ̀ ọ́ rí, tí òun náà sì ti gbàgbé pé ojú kan ń bẹ lábẹ́ aṣọ. Opó tí mo wí yìí ti gbé ère ìyàwó onígbàgbọ́ fún wa, ó jó o dáadáa, àwa sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni àǹfààní tí mo ní láti rí ẹni tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, èmi ni mo sì sá. Bí mo bá jókòó sílẹ̀ ti bàtà yẹn láìsọ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo rò pé iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn tí ǹ bá ṣe níbẹ̀ yóò ju gbogbo àdúrà tí a gbà lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, tí a máa ń bú, jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Ohun kan ń bẹ tí n kò gbà lẹ́nu Winnicott. Ìyá kan àti ọmọ kan nínú yàrá kan ni ó sábà máa ń yà fún wa, bẹ́ẹ̀ sì ni agboolé wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ojú ìyá rẹ̀ gbẹ nítorí àìsàn tàbí nítorí orogún lè rí ojú ìyá àgbà, ojú àbúrò bàbá, ojú aládùúgbò tí ń din àkàrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ọmọ ìjọ kan ní Àjàṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ bèèrè ìyá nìkan. Kí ó bèèrè ta ni ojú rẹ̀ máa ń tàn tí o bá wọlé.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ Heinz Kohut, tí ó fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé orí soi. Wọ́n bí i ní Vienna ní ọdún 1913. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé ní ọdún 1938, nígbà tí Freud ń sá kúrò ní ìlú náà nítorí àwọn Násì, òun lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin láti wò ó. Òun ṣí fìlà kí bàbá àgbà náà, Freud náà sì ṣí tirẹ̀ láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ìyẹn nìkan ni ìpàdé wọn. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí Kohut kọ lẹ́yìn náà yóò mọ ìdí tí kò fi gbàgbé rẹ̀. Ó dé Chicago ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1940, ó gbé ìwé rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jáde ní ọdún 1971, ó sì kú ní ọdún 1981. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí Freud ni pé Freud rí ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ojú ogun tí ìfẹ́ inú àti òfin ti ń jà, nígbà tí Kohut rí àwọn aláìsàn kan tí kò sí ogun nínú wọn, òfo ni ó wà níbẹ̀. Ohun kan tí ó yẹ kí wọ́n rí gbà ni wọn kò rí gbà.

Ó sọ pé ara ẹni kò lè dúró fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàkùn iṣu kò ṣe lè dúró bí a kò bá ri igi sí ẹ̀gbẹ́ ebè fún un. Àwọn ènìyàn tí ó yí wa ká ni igi náà, ohun mẹ́ta ni a sì ń gbà lára wọn. Èkíní ni kí ẹnì kan rí wa kí inú rẹ̀ dùn sí wa. Èyí kò yẹ kí ó ṣòro fún Yorùbá láti mọ̀, nítorí pé ohun tí oríkì wà fún nìyẹn. Ọmọ kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀, ìyá kò sọ pé “káàárọ̀” lásán. Ó pè é ní Àjọkẹ́, ó kà á mọ́ àwọn tí ó bí wọn, ojú ọmọ náà á sì yàtọ̀. N kò rí ibì kankan tí Kohut ti gbọ́ oríkì rí, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ọ, kì bá tí nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Èkejì ni kí á rí ẹnì kan tí ó tóbi tí ó sì balẹ̀ jù wá lọ, tí a lè fara tì nígbà tí ayé bá ń mì. Ẹ̀kẹta ni kí á rí àwọn tí ó jọ wá. Ní ìlú tí Oshoffa ti dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1947, kò yẹ kí n sọ púpọ̀ lórí ìyẹn: ẹni tí ó bá ti dúró láàárín àwọn tí gbogbo wọn wọ sùtánà funfun, tí gbogbo wọn bọ́ bàtà, ọlọ́jà àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ bákan náà, mọ bí ara ṣe máa ń fúyẹ́ níbẹ̀.

Kohut kò sọ pé kí a máa yin ènìyàn ní gbogbo ìgbà o. Ó ní bí igi náà ṣe ń já wa kulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń padà, ni ìtàkùn fi ń ní agbára tirẹ̀. Ìyá tí kò pẹ́ lọ́jà rí yóò bí ọmọ tí kò mọ bí a ti ń dúró deni. Ṣùgbọ́n ó tẹnu mọ́ ọn pé kò sí ọjọ́ tí ènìyàn yóò dàgbà kọjá ohun mẹ́ta yìí. Aláìsàn ẹni ọdún 70 tí ó dá wà lórí ibùsùn, tí nọ́ọ̀sì ń pè ní “bẹ́ẹ̀dì kẹrin”, ti pàdánù ẹni tí ń pe oríkì rẹ̀, ẹni tí ó lè fara tì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a tó mọ ẹsẹ Bíbélì tí a óò kà fún un, ẹ jẹ́ kí a bèèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ọ̀dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn fúnra rẹ̀, a kì í sì í fẹ́ sọ ọ́. Ènìyàn máa ń bá ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ ṣe bí ẹni pé ẹlòmíràn ni. Transfert ni Faransé ń pè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè kórìíra àlùfáà tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá, nítorí pé ohùn àlùfáà jọ ti bàbá tí ó lé e nílé. Obìnrin kan lè gbà pé ohunkóhun tí wòlíì bá wí ni òdodo, nítorí pé láti ìgbà èwe ni ó ti ń wá ẹni tí kì í ṣìṣe. Bí àlùfáà kò bá mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí, yóò gbẹ̀san lára ti àkọ́kọ́, yóò sì máa jẹ lára ti èkejì. Òun náà ní ara tí ó ń fẹ́ kí wọ́n rí. Ẹni tí oríkì kò kan ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó nígbà èwe lè yan iṣẹ́ àlùfáà nítorí pé ẹgbẹ̀rún ojú ni yóò máa wò ó lọ́jọ́ Ìsinmi, n kò sì rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, bí ó bá mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni ó máa ń bínú sí aláìsàn tí kò yá lẹ́yìn àdúrà rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kọ́ èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ní ọdún 1925, Anton Boisen, ọmọ Amẹ́ríkà tí í ṣe òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlùfáà lọ sí ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Òun fúnra rẹ̀ ti sùn sí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1920 gẹ́gẹ́ bí aláìsàn. Ó ní kí wọ́n ka ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ka ìwé mímọ́, pé ìwé alààyè ni aláìsàn. Àwọn tí ó tẹ̀lé e fi kún un pé kí abẹ̀wò padà délé kí ó kọ gbogbo ohun tí òun àti aláìsàn sọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, láìtún un ṣe. Àwa náà ń ṣe é, a sì máa ń yọ orúkọ kúrò. Ẹ wo èyí tí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa kọ:

Aláìsàn: Ẹsẹ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn lánàá.
Abẹ̀wò: Ọlọ́run á wò yín sàn.
Aláìsàn: Àmín. Àwọn ọmọ ni mo ń rò.
Abẹ̀wò: Ẹ má ronú. Ẹ sáà máa gbàdúrà.
Aláìsàn: Ẹ ṣé.

Kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó kà á sókè fún wa, ó sì dúró lójijì ní ìlà kẹrin, ó ní, “Họ́wù, mo tì í mọ́lẹ̀.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni aláìsàn ṣílẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni a fi àdúrà pa á dé. “Kí lẹ ń rò nípa àwọn ọmọ?” ì bá ti tó. Nígbà tí a bi abẹ̀wò náà léèrè ohun tí ó ń ṣe é lọ́kàn ní àkókò yẹn, ó ní ẹsẹ̀ ìyá òun ni òun rántí, èyí tí wọ́n gé.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà délé kí ó máa tú ọkàn ènìyàn palẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń ṣe é fi kọ́ ọ. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí kò sí, tí ó ń wí pé òun fẹ́ pa ara òun, tí kò jẹun tí kò sì sùn fún ọjọ́ púpọ̀, iṣẹ́ dókítà ni, ilé ìwòsàn sì wà ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnù. Kí a gbé e lọ, kí a sì máa bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè màmá. Mo lọ bá wọn nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọjọ́ Ajé kan, mo jókòó sórí àpótí láàárín àwọn aṣọ. Mo ní ìdí tí a fi ń ṣìnà ni pé láti òkèèrè, ẹni tí ó sẹ́ ara rẹ̀ àti ẹni tí kò ní ara tí yóò sẹ́ máa ń jọra. Àwọn méjèèjì kì í bèèrè nǹkan kan, àwọn méjèèjì máa ń dákẹ́, ìjọ sì máa ń yin àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n èkíní mọ ohun tí ó wu òun, ó gbé e lé ọwọ́, ó wò ó, ó sì fi í sílẹ̀ nítorí ohun tí ó fẹ́ràn jù ú lọ. Èkejì kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó wu òun, nítorí kò sí ẹni tí ó bi í rí. Èkíní sẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n ti bá èkejì sẹ́ tirẹ̀ kí ó tó gbọ́njú, kò sì sí ẹ̀bùn kankan nínú ìyẹn tí ó lè gbé fún Ọlọ́run. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ní kí a bá wá ara rẹ̀ rí, kí ó lè ní ohun tí yóò fi lélẹ̀ bí ó bá wù ú.

Màmá ká aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún un ká. Wọ́n ní àwọn mọ obìnrin kan bẹ́ẹ̀, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kí àwọn mọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn mọ́ àwọn tí yóò lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kí n má fi àwọn kún ẹnikẹ́ni tí àdúrà rẹ̀ máa ń gùn.